Omi nínú bùútù: bí mo ṣe kọ́ láti máa tọpa ìjò lára ọkọ̀

Òórùn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ kí n tó rí omi. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko tí inú ọkọ̀ mi fi ń rùn bí aṣọ tútù tí a ká sínú àpò tí a sì gbàgbé síbẹ̀, tí èmi sì ń rò pé ẹsẹ̀ àwọn ọmọ tí òjò pa ló sọ kápẹ́ẹ̀tì di bẹ́ẹ̀. Ní òwúrọ̀, gbogbo gíláàsì a máa ṣú láti inú, àfi kí n fi aṣọ nù wọ́n kí n tó lè rí iwájú. N kò so ọ̀kankan nínú nǹkan wọ̀nyí mọ́ bùútù. Ọjọ́ tí ìṣó gún táyà mi, tí mo sì ní láti yọ sípíà, ni mo ká ilẹ̀ bùútù sókè, tí mo bá omi tí ó ti mu táyà náà dé ìdajì nínú kòtò rẹ̀. Jáàkì ti dípẹtà débi pé kò ṣeé yí mọ́, èébu funfun sì ti hù sí abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láti etí kan dé èkejì.

Oṣù mẹ́rin ni mo fi bá omi náà jà, oṣù mẹ́ta nínú rẹ̀ ni mo sì fi ṣe ohun tí kò tọ́. Kì í ṣe àìsí irinṣẹ́ ló fà á, kì í sì í ṣe ọ̀lẹ. Ibi tí omi dúró sí ni mo ń tọ́jú, n kò wá ibi tí ó gbà wọlé. Kòtò sípíà ni ó rẹlẹ̀ jù lọ nínú bùútù, nítorí náà ibikíbi tí omi bá gbà wọlé, ibẹ̀ ni yóò parí ìrìn àjò rẹ̀ sí. Omi lè wọlé láti etí gíláàsì ẹ̀yìn, kí ó tẹ̀lé abẹ́ irin tí ó gbé gíláàsì náà ró, kí ó yà sí ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó gba ẹ̀yìn ike tí ó bo ògiri bùútù sọ̀kalẹ̀, kí ó sì rá pálá wọ abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹ̀kán rẹ̀ kan ṣoṣo. Omi kì í ṣàn kó bojú wẹ̀yìn; ẹni tí ó ń wá orísun rẹ̀ ni ó gbọ́dọ̀ bá a bojú wẹ̀yìn.

Rọ́bà ẹnu bùútù ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Mo gbọ́n omi dànù, mo fi aṣọ nu kòtò náà gbẹ, mo sì wo rọ́bà náà: ó ti gbó díẹ̀ lóòótọ́, kò sì rọ̀ mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, èyí sì tó mi láti gbà pé òun ni ọ̀daràn. Mo ra tuntun, mo sì tẹ̀ ẹ́ wọlé yíká. Òjò àkọ́kọ́ tí ó tẹ̀lé e kò lágbára, kò sì sí omi nínú kòtò, inú mi sì dùn gan-an. Òjò kejì fi gbogbo òru rọ̀, omi sì padà sí ibi tí ó wà tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn èyí ni mo gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan tí ó ń tún ara ọkọ̀ ṣe. Ó wò ó fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká dí gbogbo rẹ̀ pa,” ó sì fi sílíkọ́nì yí iná ẹ̀yìn méjèèjì ká láti òde, ó fi yí etí gíláàsì ká, ó tún fi díẹ̀ sí abẹ́ rọ́bà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rà. Lójú, ó dàbí iṣẹ́ àṣepé. Ṣùgbọ́n kò dá omi dúró, ó sì tún fi wàhálà kún wàhálà. Irú sílíkọ́nì tí ó lò ni èyí tí ó máa ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tí ó bá ń gbẹ, òórùn náà sì ni ásíìdì tí ń jáde láti inú rẹ̀. Bí ó bá kan irin tí ọ̀dà ti ṣí kúrò lára rẹ̀, ìpẹtà ni ó ń pè wá. Ọ̀dà kì í sì í lẹ̀ mọ́ ibi tí sílíkọ́nì ti kàn, bẹ́ẹ̀ ni gọ́ọ̀mù gidi tí wọ́n ṣe fún ara ọkọ̀ kì í dúró lórí rẹ̀. Odindi ọ̀sán ọjọ́ kan ni mo fi ha á kúrò lẹ́yìn náà, pẹ̀lú ike pẹlẹbẹ kí n má baà ha ọ̀dà. Láti ìgbà náà ni mo ti pinnu pé n kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dí ohunkóhun lára ọkọ̀ mi kí a tó fi ojú rí ibi tí omi ń gbà.

Ìmọ̀ràn kẹta tí mo rí gbà léwu jù méjì àkọ́kọ́ lọ, mo sì fẹ́ kí ẹni tí ó bá ń ka èyí fi í sọ́kàn. Wọ́n ní kí n yọ ìdérí rọ́bà tí ó wà ní ìsàlẹ̀ kòtò sípíà, tàbí kí n lu ihò síbẹ̀, kí omi tí ó bá wọlé lè máa rí ọ̀nà jáde. Ẹnu páìpù tí èéfín ẹ́ńjìnnì ń gbà jáde kò jìnnà sí ibẹ̀ rárá. Inú èéfín náà ni gáàsì carbon monoxide wà, kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ó sì ń pa ènìyàn. Ihò tí omi lè gbà jáde ni èéfín lè gbà wọlé, pàápàá nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré, tí afẹ́fẹ́ sì ń yí lẹ́yìn rẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, omi ẹrẹ̀ tí táyà ń ta láti ojú ọ̀nà yóò bẹ̀rẹ̀ sí gba ìsàlẹ̀ wọlé, irin tí a lu kò sì ní ọ̀dà ní etí ihò náà mọ́. Mo máa ń yọ ìdérí náà fún wákàtí kan tàbí méjì láti fa omi dànù nígbà tí ọkọ̀ bá dúró, ṣùgbọ́n mo ń dá a padà kí n tó fi kọ́kọ́rọ́ sí i.

Lẹ́yìn tí gbogbo èyí kùnà ni mo mú ìwé kékeré kan, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí kọ ìgbà tí omi ń wọlé àti ìgbà tí kì í wọlé sí i. Ó yẹ kí èyí jẹ́ ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe. Mo kọ ọ́ bí òjò bá rọ̀ nígbà tí ọkọ̀ dúró, bí mo bá wa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tútù lẹ́yìn tí òjò ti dá, bí mo bá fọ ọkọ̀, àti ìhà tí imú ọkọ̀ kọ sí bí mo bá gbé e sí ibi gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ìwé náà ti ń sọ̀rọ̀. Wíwa ọkọ̀ lójú ọ̀nà tútù kò fi ẹ̀kán omi kan kún inú kòtò, nítorí náà kì í ṣe omi tí táyà ń ta ló ń wọlé. Bí mo bá gbé ọkọ̀ sí ibi tí imú rẹ̀ ga ju ìdí rẹ̀ lọ, omi máa ń pọ̀. Bí ìdí rẹ̀ bá ga ju imú lọ, ìwọ̀nba ọ̀rinrin ni mo máa ń bá. Òkè ni omi náà ti ń bọ̀, ó sì ń wọlé níbi kan tí omi orí ọkọ̀ ń gbà kọjá nígbà tí ó bá ń ṣàn lọ sẹ́yìn. Àwọn ibi bẹ́ẹ̀ kò pọ̀: gíláàsì ẹ̀yìn, ojú àgbàrá tí ó yí ẹnu bùútù ká, ìdí ibi tí ìdérí bùútù ti ń kọ́ (ìyẹn irin tí ó ń yí lé nígbà tí a bá ń ṣí i), iná bíréèkì kẹta, àti iná ẹ̀yìn méjèèjì.

Ojú àgbàrá tí mo dárúkọ yìí ṣe pàtàkì, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò sì kà á sí. Bí ẹ bá ṣí bùútù, ẹ ó rí i pé irin tí ó wà lẹ́yìn rọ́bà, ní ìhà òde, tẹ̀ wọnú bí ọ̀nà omi kékeré. Kì í ṣe àṣìṣe àwọn tí ó ṣe ọkọ̀. Wọ́n mọ̀ pé omi yóò gba àlàfo etí ìdérí bùútù wọlé, wọ́n sì ṣe ọ̀nà yìí kí ó lè gbé omi náà lọ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kí ó sì dà á sílẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Iṣẹ́ rọ́bà ni láti dá omi tí ó bá fẹ́ kọjá ọ̀nà yìí padà, kì í ṣe láti gbé adágún omi dúró. Nígbà tí ewé àti eruku bá dí ọ̀nà náà, omi á kún un, á sì máa wá ibòmíràn gbà, rọ́bà tí kò ní àbùkù kankan sì lè jẹ́ kí ó wọlé.

Mo wá kó gbogbo ohun tí ó wà nínú bùútù jáde: sípíà, pátákó ilẹ̀, kápẹ́ẹ̀tì, àti ike tí ó bo ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ọwọ́ pẹ̀lẹ́, nítorí àwọn ike kéékèèké tí ó di àwọn ńláńlá mú a máa ṣẹ́ bí a bá fi agbára fà wọ́n. Nígbà tí irin ìhòòhò hàn, mo mú tọ́ọ̀ṣì, mo wò ó fínnífínní kí n tó da omi kankan sí i. Omi tí ó bá ti ń gba ojú kan fún ìgbà pípẹ́ a máa fi ipa sílẹ̀, bí ipa omijé ṣe máa ń hàn lójú ọmọ tí eruku bò. Mo rí irú ipa bẹ́ẹ̀ méjì. Ọ̀kan pupa díẹ̀, ó sì ti abẹ́ iná ẹ̀yìn òsì sọ̀kalẹ̀. Èkejì fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn, ó dàbí ìlà eruku lásán, ó sì ti òkè, nítòsí ibi tí ìdérí bùútù ti ń kọ́ ní ìhà òsì, wá. Ipa kejì yìí ni mo fojú fò dá. Mo rò pé iná náà nìkan ló jẹ̀bi.

Lẹ́yìn tí mo ti nu ibẹ̀ gbẹ, mo bu pàúdà ara tín-ín-rín sí ojú irin náà láti òkè dé ilẹ̀, nítorí pé ẹ̀kán omi kan ṣoṣo yóò fa ìlà dúdú lórí pàúdà funfun, ojú kò sì ní ṣì í. Mo pe àbúrò mi. A tẹ àga ẹ̀yìn ọkọ̀ síwájú kí ó lè gba inú ọkọ̀ wọ bùútù, kí ó sì lè gba ibẹ̀ jáde nígbà tí ó bá fẹ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe ti ènìyàn mọ́ inú bùútù tí kò ní ọ̀nà mìíràn láti jáde, ì báà ṣe fún ìṣẹ́jú kan péré. Bí àga ọkọ̀ yín kò bá ṣeé tẹ̀ síwájú, ẹ fi pàúdà àti bébà ìnuwọ́ nìkan ṣe é, kí ẹ sì máa ṣí bùútù wò lẹ́yìn ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá da omi sí.

Mo so họ́ọ̀sì mọ́ ẹnu ẹ̀rọ omi, mo sì jẹ́ kí omi náà máa ṣàn wọ́ọ́rọ́wọ́ láìfi ohunkóhun dín ẹnu họ́ọ̀sì kù. Ẹ̀rọ tí ń fi agbára tú omi, irú èyí tí wọ́n fi ń fọ ọkọ̀, kò dára fún iṣẹ́ yìí, nítorí ó lè ti omi kọjá rọ́bà tí ó pé, kí a sì tún bẹ̀rẹ̀ sí lépa ìjò tí kò sí. Ìsàlẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ láti òkè, omi yóò ṣàn bo iná, yóò bo ojú àgbàrá, yóò bo rọ́bà, nígbà tí ó bá sì wọlé, a kò ní mọ èwo nínú wọn ló gbà. Bí a bá ti ìsàlẹ̀ gòkè, gbogbo ibi tí ó wà lókè ibi tí a wà ṣì gbẹ, wọn kò sì lè parọ́ fún wa. Mo fún ibi kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú márùn-ún pẹ̀lú aago lọ́wọ́. Mo bẹ̀rẹ̀ láti etí bọ́ńpà, mo lọ sí iná tí ó wà lókè nọ́ńbà ọkọ̀, kò sí nǹkan kan. Iná ẹ̀yìn ọ̀tún, kò sí nǹkan kan. Mo dé iná ẹ̀yìn òsì; kò tíì pé ìṣẹ́jú mẹ́ta tí àbúrò mi fi pariwo láti inú, “Ẹ̀gbọ́n, ó ti dé! Ìdí bóòtù ìsàlẹ̀ ló ti ń yọ.”

A tú iná náà. Láàárín iná àti irin ara ọkọ̀, fóòmù pẹlẹbẹ kan wà tí ó yẹ kí ó máa fún omi mọ́lẹ̀. Tiwa ti tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì ti ya ní ẹ̀gbẹ́ bóòtù ìsàlẹ̀. Mo fọ ojú irin náà mọ́, mo fi fóòmù tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì fi okùn butyl tín-ín-rín yí ìdí bóòtù kọ̀ọ̀kan ká. Butyl ni gọ́ọ̀mù dúdú tí ó rọ̀ bí ẹ̀kọ líle tí kì í gbẹ. Ó ń dí ojú àlàfo, ó sì ṣeé yọ ní ọjọ́ iwájú láìba ọ̀dà jẹ́, ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn rẹ̀ ju sílíkọ́nì lọ fún iná. Nígbà tí mo ń dá nọ́ọ̀tì padà, mo fi ọwọ́ yí wọn ná, mo sì fi sípánà fún wọn níkọ̀ọ̀kan, díẹ̀ níbí, díẹ̀ lọ́hùn-ún, títí fóòmù náà fi tẹ̀ dọ́gba. Ike ni ìdí iná. Ẹni tí ó bá fún nọ́ọ̀tì kan jù yóò sán an, yóò sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ dá ojú ìjò tuntun sílẹ̀.

A tún da omi sí i fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ó gbẹ. Mo ti ń ká họ́ọ̀sì nígbà tí àbúrò mi sọ pé, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká parí òkè, a ṣáà ti tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀.” Mo dúpẹ́ pé mo gbọ́ tirẹ̀. Mo da omi sí ẹnu rọ́bà, kò sí nǹkan kan. Mo wá da omi sí ojú àgbàrá ní ìhà ọ̀tún, ó gbẹ. Ní ìhà òsì, ìṣẹ́jú márùn-ún pé, ó gbẹ. Àbúrò mi ní kí n fi díẹ̀ kún un. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ìlà dúdú kan tó bẹ̀rẹ̀ lórí pàúdà, lórí ipa eruku tí mo ti fojú fò dá gan-an. Ká ní mo kúrò níbẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni, mi ò bá ti dá ike ẹ̀gbẹ́ padà lórí ìjò tí ó ṣì wà láàyè. Láti ọjọ́ náà, ibi tí irin méjì bá ti pàdé, ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo máa ń fún un.

Ara ọkọ̀ kì í ṣe irin kan ṣoṣo. Páànù púpọ̀ ni wọ́n gbé ara wọn lé lórí, tí wọ́n jó pọ̀ ní ojú kéékèèké, tí wọ́n sì fi gọ́ọ̀mù pàtàkì, èyí tí wọ́n ń pè ní seam sealer, bo ojú ìpàdé wọn kí wọ́n tó kùn ún. Ọkọ̀ ń mì, oòrùn ń pa á, òtútù ń mú un, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ gọ́ọ̀mù náà a gan, a sì sán. Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ̀ ọ́. Ẹnu tí ògiri tèmi la kéré tó bẹ́ẹ̀ tí èékánná mi kò lè wọ inú rẹ̀. Fífi ìka tẹ̀ ẹ́ ni mo fi mọ̀ pé abẹ́ rẹ̀ ti di òfìfo. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ pẹlẹbẹ gbé etí rẹ̀ sókè, gọ́ọ̀mù náà ṣí bí èèpo igi gbígbẹ, irin abẹ́ rẹ̀ sì ti pọ́n ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ ọmọdé. Mo wá rí i kedere pé bí mo ṣe ń tọ́jú rọ́bà tí kò ṣàìsàn láti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ̀tẹ̀ ni mo fi sílẹ̀ tí mo ń pa làpálàpá.

Iṣẹ́ ibẹ̀ gba ọjọ́ mẹ́ta, n kò sì kánjú. Mo ha gbogbo gọ́ọ̀mù tí ó ti kú kúrò títí mo fi dé ibi tí ó ṣì lẹ̀ dáadáa. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì onírin àti bébà ìyọ̀dà fá ìpẹtà náà títí irin fi ń dán, nítorí ìpẹtà tí a bá fi sílẹ̀ lábẹ́ ọ̀dà yóò máa jẹun lọ láìsí ẹni tí ó rí i. Mo nù ún, mo fi ọ̀dà àkọ́kùn tí ń dènà ìpẹtà kùn ún, mo jẹ́ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn náà ni mo fa gọ́ọ̀mù ara ọkọ̀ tuntun sí ojú ìpàdé náà, mo fi ìka tí mo wọ ìbọ̀wọ́ sí tẹ̀ ẹ́ wọ inú àlàfo, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ fún iye wákàtí tí wọ́n kọ sí ara agolo rẹ̀. Ọ̀dà ni mo fi parí rẹ̀. Kò dán bíi ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ìdérí bùútù ni, kò sí ẹni tí yóò rí i àyàfi ẹni tí ó bá mọ ibi tí ó wà.

Mo kábàámọ̀ rọ́bà àtijọ́ tí mo sọ nù, nítorí kò ní ẹ̀bi kankan. Ó rọrùn láti yẹ rọ́bà wò kí a tó dá a lẹ́jọ́: ẹ fi bébà pẹlẹbẹ há àárín rọ́bà àti ìdérí, ẹ ti bùútù, kí ẹ sì fa bébà náà. Bí ó bá ń wọ́ pẹ̀lú agbára díẹ̀, rọ́bà ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Bí ó bá yọ wẹ́rẹ́ láìsí ìdènà, ibẹ̀ kò tẹ̀ dáadáa. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ yíká. Kódà bí ibì kan bá kùnà, ó lè jẹ́ pé irin tí rọ́bà jókòó lé ni ó tẹ̀, tàbí pé ìkọ́ tí ìdérí ń tì sí ti lọ sókè jù, tí kò fa ìdérí mọ́lẹ̀ tó. Àtúnṣe ìyẹn kò ju kí a tú bóòtù méjì, kí a sún ìkọ́ náà sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹni tí ó bá sì ti ra rọ́bà tuntun, kí ó jẹ́ kí orí rẹ̀ méjèèjì pàdé ní ìsàlẹ̀ ẹnu bùútù, kì í ṣe ní òkè tí omi ń gbà kọjá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ fi tèmi sí i, ẹ̀gbẹ́ òkè ni mo jẹ́ kí wọ́n ti pàdé; mo ní láti yọ ọ́ kí n tún un tẹ̀.

Nítorí pé mo sọ ìtàn yìí fún àwọn ènìyàn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé ọkọ̀ tiwọn wá. Ti àbúrò mi ní ihò gíláàsì lórí òrùlé, ó sì rò pé gíláàsì náà ló ń jò. Gíláàsì bẹ́ẹ̀ kì í dá omi dúró pátápátá. Àwo kan wà lábẹ́ rẹ̀ tí ń gba omi, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà ní igun rẹ̀ tí ń gbé omi náà gba inú òpó ọkọ̀ lọ sí ìsàlẹ̀. Eruku ti dí ti ẹ̀yìn ọ̀tún, omi àwo náà sì ń kún, ó ń gba abẹ́ aṣọ òrùlé lọ sí bùútù. Okùn ọ̀rá tí ó rọ̀ ni a fi là á, wọ́ọ́rọ́wọ́. A kò fi wáyà líle tàbí afẹ́fẹ́ alágbára ṣe é, nítorí wọ́n lè lu páìpù náà tàbí kí wọ́n já a kúrò ní ìdí rẹ̀, inú òpó sì ni ìdí náà wà.

Ti ẹlẹgbẹ́ mi kan lẹ́nu iṣẹ́ yà mí lẹ́nu jù. Bùútù rẹ̀ ń tutù nígbà tí òjò kò rọ̀ rárá, omi náà sì ń rùn bí ọṣẹ. Ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ irú èyí tí gíláàsì ẹ̀yìn ń bá ìdérí bùútù gòkè, tí ó sì ní ohun ìnugíláàsì lẹ́yìn. Páìpù tí ń gbé omi ọṣẹ láti iwájú lọ fún un ti já níbi tí ó ti ń tẹ̀ nígbà gbogbo tí a bá ṣí ìdérí, gbogbo omi tí ó yẹ kí ó fọ gíláàsì sì ń dà sínú bùútù. Òmíràn, tí ọkọ̀ mìíràn ti gbá lẹ́yìn rí, ń gba omi nígbà tí wọ́n bá wà á lójú ọ̀nà tútù nìkan. Lẹ́yìn bọ́ńpà, ní ẹ̀gbẹ́, fèrèsé ike kékeré kan wà lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ ń gbà jáde nígbà tí a bá ti ilẹ̀kùn. Àwọn tí ó tún ọkọ̀ náà ṣe dá a padà láìfi rọ́bà etí rẹ̀ sí i. Fèrèsé náà gbọ́dọ̀ wà, wọn kò sì gbọdọ̀ dí i pa. Rọ́bà etí rẹ̀ nìkan ni ó nílò.

Ohun tí ó kù ni gbígbẹ, ó sì ń tan ènìyàn jẹ. Fóòmù nípọn tí ó wà lábẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lè mu omi púpọ̀, kí ó sì máa tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn tí a ti dí ojú ìjò, ẹni tí kò mọ̀ yóò sì rò pé iṣẹ́ rẹ̀ kò jẹ́. Mo gbé gbogbo kápẹ́ẹ̀tì àti fóòmù sínú oòrùn fún ọjọ́ mẹ́rin, mo ń yí wọn padà. Mo fi omi ọṣẹ nu èébu kúrò lára irin, mo wọ ìbòmú, mo sì jẹ́ kí fáànù fẹ́ sínú bùútù ní òru méjì. Mo yẹ gbogbo ojú ìsopọ̀ wáyà tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ òsì wò, nítorí omi a máa sọ wọ́n di àwọ̀ ewé, iná ẹ̀yìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí ṣe ségesège. Ẹni tí bátìrì ọkọ̀ rẹ̀ bá wà nínú bùútù, bí ó ti rí lára àwọn ọkọ̀ kan, kí ó tú orí bátìrì náà kí ó tó fi ọwọ́ kan ohunkóhun nínú omi.

N kò dá ike ẹ̀gbẹ́ padà lójú ẹsẹ̀. Mo tẹ́ bébà ìnuwọ́ sí ojú márùn-ún: abẹ́ iná méjèèjì, abẹ́ ibi tí ìdérí ti ń kọ́ ní ọ̀tún àti òsì, àti ìsàlẹ̀ kòtò sípíà. Mo fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta wa ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, irin rẹ̀ ní ìhòòhò, títí òjò ńlá mẹ́rin fi rọ̀ lé e lórí, tí mo gbé e sí ibi tí imú rẹ̀ ti ga, tí mo tún gbé e sí ibi tí ìdí rẹ̀ ti ga. Ní òwúrọ̀ tí ó tẹ̀lé òjò kẹrin, mo mú bébà márààrún sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, mo fi wọ́n kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n gbẹ. Mo kó kápẹ́ẹ̀tì wọlé, mo gbé jáàkì tuntun tí mo ti fi gíríìsì pa sí àyè rẹ̀, mo sì fi bébà kan sílẹ̀ lábẹ́ sípíà. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí mo bá gbá ewé kúrò nínú ojú àgbàrá, mo máa ń na ọwọ́ kàn án.